Obìnrin Tí Mo Fi Abẹ Họ Kúrò Nínú Fọ́tò

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ ayàwòrán tí ẹ kọ̀wé sí mi lóṣù tó kọjá pé ẹ fẹ́ fún mi ní àmì ẹ̀yẹ, ẹ dákun, ẹ dá a dúró ná. Ẹ má tíì fín orúkọ mi sára igi tàbí sára irin kankan. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí ó ti ń jẹ mí láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, bí kòkòrò ṣe ń jẹ ẹ̀wà láti inú tí èèpo rẹ̀ á ṣì máa dán. Dókítà ti sọ pé ọkàn mi ti wú. Ìyàwó mi, Àlímọ̀t, rò pé mo sùn nígbà tí dókítà ń sọ ìyókù fún un lẹ́nu ọ̀nà. N kò sùn. Mo gbọ́ ọ. Nítorí náà, èmi Mọ̀núrù Àlàó, ayàwòrán ní Ìsàlẹ̀ Èkó, mo fẹ́ sọ ohun tí mo ṣe lọ́dún 1989, kí ó tó di pé wọ́n bi mí níbi tí irọ́ kò ti ní wúlò. Bí ẹ bá kà á tán tí ẹ ṣì fẹ́ máa pè mí ní ọ̀gá, ọwọ́ yín ló kù sí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni mí. Ọdún 1964 ni bàbá mi mú mi wá sí Èkó láti kọ́ṣẹ́ fọ́tò lọ́dọ̀ Ọ̀gá Yẹ̀kínì, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní yàrá iwájú Agboolé Ìyanrìn, lẹ́yìn Ìdúmọ̀tà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí. Ilé alágbàlá ni, kànga wà láàárín rẹ̀, yàrá sì yí i ká. Bàbá Ìyanrìn tó ni ilé ti kú kí n tó dé, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ ló kún ibẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Àǹtí Hàwáwù, obìnrin gíga kan tí ń gbé yàrá ẹ̀yìn pẹ̀lú ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, Àsíátù. Ilẹ̀ Gáná ni Bàbá Ìyanrìn ti bí Hàwáwù nígbà tí ó ń ṣòwò lọ síbẹ̀, ó sì mú un wá sílé nígbà tí ọmọ náà pé ọdún méje. Gbogbo ilé ló mọ̀. Èmi náà mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé pé mo mọ̀, nítorí n kò ní lè sọ pé àìmọ̀kan ló ṣe mí. Ebi a máa pa ọmọ iṣẹ́. Àìmọye ìgbà ni Àǹtí Hàwáwù pè mí láti ẹ̀yìnkùlé pé, "Mọ̀núrù, wá gba abọ́ yìí." Kì í bi mí bóyá mo ti jẹun. Á gbé e fún mi, á sì yíjú sí ibòmíràn kí ojú má baà tì mí. Ọdún 1972 ló kú. Mo wà lára àwọn tó gbé òkú rẹ̀ lọ sí itẹ́ òkú.

Ọ̀gá Yẹ̀kínì kọ́ mi níṣẹ́ dáadáa. Orí awo dígí ni wọ́n ń ya àwòrán sí láyé ìgbà náà, nẹ́gẹ́tíìfù ni à ń pè é. Lórí rẹ̀, ohun tó dúdú á funfun, ohun tó funfun á dúdú, títí a ó fi tẹ̀ ẹ́ sórí pépà kí ojú ènìyàn tó padà sípò. Bí ojú oníbàárà bá ní àbùkù, a ó mú abẹ kékeré, pẹ́ńsùlù tó mú ṣóńṣó àti àwọ̀ pupa, a ó fi tún un ṣe lórí dígí náà. Rítọ́ọ̀ṣì nìyẹn. Ọ̀gá mi máa ń sọ pé, "O lè yọ eéwo lójú ènìyàn, torí eéwo á san lọ́la. Ṣùgbọ́n o ò gbọdọ̀ yọ ilà, o ò gbọdọ̀ yọ àpá. Ti olójú nìyẹn." Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí méjèèjì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kú lọ́dún 1983, tí ó fi kámẹ́rà, ṣọ́ọ̀bù àti gbogbo àpótí nẹ́gẹ́tíìfù rẹ̀ sílẹ̀ fún mi, ohun tí oníbàárà bá fẹ́ ni mo ń ṣe. Ìyàwó tí ọrùn rẹ̀ nípọn, mo dín in kù. Ọkùnrin tó ní òun fẹ́ dúró ti bàbá òun tó ti kú, mo gbé òkú dúró tì í. Wọ́n á yẹ ara fọ́tò wò lọ́tùn-ún lósì, wọn kò ní rí ojú abẹ, wọ́n á sì máa yìn mí. Ìyìn yẹn ń pa mí bí ọtí. Mo máa ń sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pé kò sí ẹni tí n kò lè mú wọ inú fọ́tò, kò sì sí ẹni tí n kò lè mú jáde.

Nígbà tó di ọdún 1989, àwọn oníléeṣẹ́ kan láti ìhà Tinúbú wá wo Agboolé Ìyanrìn. Wọ́n fẹ́ rà á, kí wọ́n wó o, kí wọ́n fi kọ́ ilé alájà márùn-ún. Alhaji Ṣàíbù, àkọ́bí lọ́kùnrin tó jẹ́ olórí ẹbí, gbà. Àwọn àbúrò rẹ̀ gbà. Àsíátù nìkan ló kọ̀. Ó ti di opó nígbà náà, ó ń ta bọ́tìnnì, síìpù àti òwú ìránṣọ ní Ọjà Balógun, yàrá ìyá rẹ̀ lòun àtàwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta sì ń gbé. Ó ní, "Ilé bàbá ìyá mi nìyí. Bí ẹ bá máa tà á, ẹ bi mí." Alhaji Ṣàíbù dá a lóhùn láàárín agbàlá, níṣojú gbogbo wa, pé, "Ìyá ẹ tí à ń sọ yẹn, ọmọ tí bàbá wa gbà tọ́ ni. Kì í ṣe ọmọ tó bí. Ta ló máa bi ọ́?" Ojú mi wà nílẹ̀. Gbogbo wa ni ojú wa wà nílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, Màmá Àdìjátù, tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, nìkan ló la ẹnu pé, "Ṣàíbù, má pa irọ́ mọ́ òkú." Kò sí ẹni tó gbè é. Àsíátù gba ọ̀dọ̀ lọ́yà lọ, ọ̀rọ̀ sì di ti kóòtù.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé kan, Àsíátù wọlé sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó sì jókòó lórí àga tí àwọn oníbàárà máa ń jókòó sí. "Bọ̀dá Mọ̀núrù," ó ní, "lọ́yà mi ní kí n wá nǹkan tí ojú lè rí. Ìyá mi máa ń sọ pé lọ́jọ́ Iléyá ọdún 1958, bàbá wọn kó gbogbo ọmọ tó bí jọ, ó ní kí àwọn ìyàwó bọ́ sẹ́yìn, pé ọmọ òun nìkan ni kí Ọ̀gá Yẹ̀kínì bá òun yà. Èyí tó wà ní pálọ̀, Bọ̀dá Ṣàíbù ti yọ ọ́ lára ògiri. Èyí tó jẹ́ ti ìyá mi, omi òjò ló bà á jẹ́ pẹ̀lú gbogbo fọ́tò wọn. Mi ò ní àwòrán ìyá mi kankan mọ́, ẹyọ kan báyìí. Ẹ bá mi wò ó nínú ẹrù ọ̀gá yín." Mo ní kí ó padà wá lọ́la. Kò tíì dé ìta tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í tú àpótí. Láàárín wákàtí kan mo ti rí i. Mo gbé dígí náà sókè sí ojú fèrèsé. Bàbá Ìyanrìn rèé lórí àga, nínú agbádá funfun. Àwọn ọmọ mọ́kànlá rèé yí i ká, aṣọ ìkélé dúdú wà lẹ́yìn wọn. Hàwáwù rèé lẹ́yìn àga lápá ọ̀tún, ó gbé ọwọ́ lé èjìká bàbá rẹ̀. Inú mi dùn. Mo fẹ́ kí ẹ gbà mí gbọ́ pé inú mi dùn ní wákàtí yẹn, pé mo rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i bí ẹni pé ó tún fẹ́ gbé abọ́ fún mi.

Kí oòrùn tó wọ̀, Alhaji Ṣàíbù dé. Ó ti rí Àsíátù bó ṣe ń jáde. Kò jókòó. Ó ń wo àwọn fọ́tò tí mo gbé kọ́ ara ògiri, ó ń yìn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ló ní, "Mọ̀núrù, ilé tuntun yẹn, ṣọ́ọ̀bù máa wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Èyí tó dojú kọ títì, tó ní wíńdò gíláàsì gbọọrọ, mo ti bá wọn sọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé ti ayàwòrán wa ni. Ṣùgbọ́n bí ọmọ yẹn bá borí, kò sílé tuntun. Èmi náà ò sì ní fẹ́ rí ayàwòrán kankan ní iwájú ilé mi mọ́." Mo ní, "Alhaji, kí ni ẹ fẹ́ kí n ṣe?" Ó ní, "Ṣé o rí nǹkan tó ń wá?" Ojú mi lọ síbi dígí náà. Ìyẹn ni ìdáhùn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bá mi jẹ́ kó sọnù."

Nígbà tí Àsíátù padà wá lọ́jọ́ kejì, mo sọ fún un pé mo tú gbogbo àpótí, mi ò rí i. Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn, ó sì jáde lẹ́nu mi wẹ́rẹ́ bí ẹni tó ń kí ènìyàn. Ó ní, "Ẹ tún bá mi wò ó, ẹ jọ̀ọ́. Bí wọn ò bá tiẹ̀ gbà á ní kóòtù, ẹ bá mi fọ ọ̀kan. Àwọn ọmọ mi ò mọ ojú ìyá ìyá wọn." Mo ní màá wò ó. Ká ní ó ti tán síbẹ̀, bóyá ìbá ṣeé gbọ́ sétí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá pa irọ́ kan, ó ti la ọ̀nà fún èkejì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni Alhaji Ṣàíbù tún dé, ó ní Màmá Àdìjátù ti gbà láti jẹ́rìí fún Àsíátù, àti pé ọ̀rọ̀ arúgbó a máa wọ adájọ́ létí. Ó ní kí fọ́tò náà má sọnù mọ́ o, kí ó jáde, ṣùgbọ́n kí Hàwáwù má sí nínú ẹ̀. Mo ní kò ṣeé ṣe. Ó wò mí, ó ní, "Ìwọ Mọ̀núrù? Ìwọ tí wọ́n ní o lè mú òkú dìde? Kò ṣeé ṣe fún ìwọ?" Ẹ wò ó, kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù nìkan ló mú mi. Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi. Mo fẹ́ fi hàn án pé ó ṣeé ṣe.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo ṣe é. Mo dúró kí gbogbo ilé lọ sí mọ́ṣáláṣí, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì jókòó ti fèrèsé. Mò ń gbọ́ wáàsí láti inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí bí mo ṣe ń pọ́n abẹ. Nítorí pé aṣọ ìkélé ẹ̀yìn wọn dúdú, ohun tí mo bá họ kúrò lórí dígí ni yóò dúdú bí aṣọ ìkélé lórí pépà. Ìsàlẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo họ ìró rẹ̀, mo họ bùbá rẹ̀, mo họ apá òsì rẹ̀. Nígbà tí mo dé ọwọ́ ọ̀tún tí ó gbé lé èjìká, iṣẹ́ le, torí orí agbádá funfun ló wà. N kò lè họ ọ́. Mo ní láti fi pẹ́ńsùlù àti àwọ̀ bo ìka kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀, kí n sì ya ìṣẹ́po agbádá lé e lórí. Ìka márùn-ún. Mo mọ̀ wọ́n. Òrùka kan wà lórí ọ̀kan. Ọwọ́ tó ń gbé abọ́ fún mi ni. Mo ṣiṣẹ́ náà bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ojú kò tì mí, mo tilẹ̀ ń mí díẹ̀díẹ̀ kí ọwọ́ mi má baà gbọ̀n. Ojú rẹ̀ ni mo fi ṣe ìkẹyìn. Nígbà tí àwọn ènìyàn ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀, ọmọ mẹ́wàá ló yí Bàbá Ìyanrìn ká. Mo fọ ọ́ sórí pépà, mo fi kámẹ́rà ya pépà náà sórí nẹ́gẹ́tíìfù mìíràn kí ojú abẹ má baà hàn. Mo fọ́ dígí ti àkọ́kọ́ sí wẹ́wẹ́, mo dì í sínú ìwé ìròyìn, mo rìn dé etí Ọ̀sà ní Marina, mo jù ú sómi. Mo padà sílé, mo jẹun. Ẹ gbọ́ bí mo ṣe wí: mo jẹun, ó sì dùn lẹ́nu mi.

Ní kóòtù, wọ́n gbé Alùkùránì lé mi lọ́wọ́. Mo búra. Lọ́yà Alhaji Ṣàíbù bi mí, ògbufọ̀ sì sọ ọ́ lédè wa, pé, "Ṣé bí ọ̀gá rẹ ṣe ya àwòrán yìí nìyí?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." "Ṣé ẹnikẹ́ni yọ ohunkóhun kúrò nínú ẹ̀?" Mo ní, "Rárá, Olúwa mi." Àsíátù dìde láàárín èrò. "Bọ̀dá Mọ̀núrù! Ẹ ní ẹ ò rí i! Ọwọ́ ìyá mi wà léjìká Bàbá. Níbo lẹ gbé e sí?" Ọlọ́pàá kóòtù ní kó jókòó. Mo sọ fún adájọ́ pé ẹ̀yìn àpótí ni mo ti wá rí i nígbà tó yá. Mo rò pé ibẹ̀ ni ìwà burúkú mi máa parí sí. N kò mọ̀ pé ó kù.

Ní ìjókòó tó tẹ̀ lé e ni Màmá Àdìjátù jẹ́rìí. Wọ́n fún un ní àga nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó sọ bí wọ́n ṣe mú Hàwáwù dé láti Gáná, bí òun ṣe di irun rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó dé, ó sọ ti Iléyá 1958. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ já gaara bí omi inú amù. Lọ́yà Ṣàíbù kò bá a jiyàn. Ó kàn gbé fọ́tò náà fún un, ó ní, "Màmá, ẹ bá wa fi ìka tọ́ Hàwáwù." Màmá wọ awò ojú rẹ̀. "Èmi rèé," ó ní, inú rẹ̀ dùn láti rí ara rẹ̀. "Ṣàíbù rèé. Hàwáwù ló wà lẹ́yìn níbí." Ìka rẹ̀ sì dúró lórí aṣọ ìkélé dúdú. Ó gbé fọ́tò súnmọ́ ojú. Ó fi etí ìborùn nu gíláàsì rẹ̀, ó tún wò ó. "Ibí ló wà. Ibí yìí gan-an." Àwọn kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Màmá gbójú sókè, ó ń wá ẹnìkan nínú èrò, ojú rẹ̀ sì bá tèmi. Kò bínú. Ó bi mí bí ìyá ṣe ń bi ọmọ rẹ̀ pé, "Mọ̀núrù, ìwọ lo fọ ọ́. Ṣé kò sí níbẹ̀ ni?" Adájọ́ ní kí ó má bá èrò sọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tó fi dandan lé e pé kí n dá a lóhùn. Mo lè tẹ orí ba. Ṣùgbọ́n mo mi orí sí i pé rárá. Màmá Àdìjátù rọra gbé fọ́tò náà lé itan. Ó ní, "Ó dáa. Bóyá mo ti ń ṣarán. Ẹ má bínú, Adájọ́, bóyá arán ni mò ń ṣe." Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, mo ti gbọ́ ẹkún nílé òkú, mo sì ti gbọ́ igbe níbi ìjàm̀bá. N kò tíì gbọ́ ohun tó dà bí ohùn yẹn. Mo gba ilé lọ́wọ́ Àsíátù, ṣùgbọ́n orí Màmá Àdìjátù ni mo wọ̀ lọ, tí mo lọ jí òtítọ́ tó wà níbẹ̀ kó.

Wọ́n dá Alhaji Ṣàíbù láre lóṣù kẹta ọdún 1990. Lóṣù kẹfà, nínú òjò, wọ́n gbé ẹrù Àsíátù síta: ibùsùn, ìkòkò, àpò bọ́tìnnì tó já tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń ṣà nínú ẹrẹ̀. Ó kó lọ sí yàrá kan ní Obalende. Wọ́n wó ilé. Wọ́n kọ́ tuntun. Alhaji Ṣàíbù kò tàn mí jẹ, ó fún mi ní ṣọ́ọ̀bù onígíláàsì náà, ó sì kú lọ́dún 1994, kí Ọlọ́run fi orí jì í. N kò ní di ẹ̀ṣẹ̀ mi lé òkú lórí. Ọwọ́ mi ló di abẹ mú. Ibẹ̀ ni orúkọ mi ti ròkè. Ibẹ̀ ni ẹ̀yin náà ti wá kọ́ṣẹ́, tí ọ̀pọ̀ yín gba fírídọ̀mù lọ́wọ́ mi. Ẹ rántí ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ sọ fún ọmọ iṣẹ́ tuntun: "Ènìyàn lè purọ́, fọ́tò kì í purọ́." Ẹ máa ń kọ ọ́ sínú ìwé yín. Mo máa ń dúró wò yín bí ẹ ti ń kọ ọ́, ìtijú á sì máa yọ́ rìn nínú mi. Ní ti Màmá Àdìjátù, ọdún 1992 ló kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ sọ pé láti ọjọ́ kóòtù ni kò ti sọ ìtàn àtijọ́ mọ́. Bí wọ́n bá bi í pé ta ló ni ilé báyìí, tàbí ọdún wo ni wọ́n bí lágbájá, á ní, "Ẹ má bi èmi. Orí mi ò pé mọ́."

Mo ti sọ èyí tí ẹ rò pé ó burú jù. Ó ku èyí tí èmi mọ̀ pé ó burú jù. Lóṣù kẹta ọdún 1996, ní ọ̀sán gangan, Àsíátù ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi. Mo dìde, mo rò pé ìjà ló bá wá, mo tilẹ̀ fẹ́ kó jẹ́ ìjà. Ó ní, "Bọ̀dá Mọ̀núrù, ẹ jókòó. Khairiyyah ọmọ mi ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Jẹ́dà, ó ti ṣètò kí n wá ṣe Hájì. Àlùfáà wa ní kí ẹni tó bá ń lọ kọ́kọ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá ṣẹ̀. Mo ti ṣẹ̀ yín." Mo ní, "Èmi kẹ̀?" Ó ní, "Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ṣépè fún yín lẹ́yìn ìrun àárọ̀. Mo ní kí Ọlọ́run fọ́ ojú yín. Ṣùgbọ́n mo jókòó, mo rò ó. Ẹ̀yin jẹun lọ́wọ́ ìyá mi. Ẹ gbé òkú wọn. Ẹni tó ṣe ìyẹn ò lè ṣe èyí tí mo rò. Ó ní láti jẹ́ pé ìyá mi ló ṣì í sọ, pé wọn ò sí nínú fọ́tò yẹn. Mo ti fi ẹ̀sùn kan aláìṣẹ̀. Ẹ dárí jì mí." Ó sì kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ táìsì mi, obìnrin tí mo sọ di aláìnílé. Ọ̀nà ló ṣí sílẹ̀ yẹn. Ọlọ́run ṣí i gbayawu. Gbólóhùn kan péré ni. Ẹ sì mọ ohun tí mo sọ? Mo ní, "Mo ti dárí jì ọ́, Àsíátù. Máa lọ ní àlàáfíà, kí o sì bá mi ṣàdúà níbẹ̀." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó nu ojú rẹ̀. Ó lọ sí Mẹ́kà, ó sì ṣàdúà fún mi, torí ó rán ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà sí mi nígbà tó dé.

Láti ọjọ́ yẹn ni oorun ti dá lójú mi. Nígbà tí àìsàn yìí wá gbé mi dè, tí mo sì mọ̀ pé n kò ní pẹ́, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Àlímọ̀t. Ìyàwó mi kò pariwo. Ó wọ aṣọ, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Obalende, ó sì mú Alhaja Àsíátù wá. Mo sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún yín yìí. N kò lè pè é ní "ìwọ" mọ́. Mo ní, "Alhaja, ìyá yín wà níbẹ̀. Èmi ni mo họ wọ́n kúrò." Ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ kò rìn. Mo ń retí èpè. Ohun tó bi mí ni pé, "Aṣọ wo ni wọ́n wọ̀?" Mo ní ìró aláró ni, àdìrẹ, gèlè rẹ̀ sì tẹ̀ sí ọ̀tún díẹ̀. Ó ní, "Ojú wọn ńkọ́?" Mo ní, "Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Igun ẹnu òsì ló kọ́kọ́ gbé sókè, bíi tiyín." Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó ní kí n sọ ti ọwọ́. Mo sọ ti ọwọ́ àti ti òrùka. Àlímọ̀t ti ń sunkún lẹ́nu ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n Alhaja kò sunkún. Ó ń gbọ́ bí ẹni tí ń kọ́ sùúrà sórí.

Nígbà tí mo sọ ọ́ tán lẹ́ẹ̀kẹta, ó dìde. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dárí jì mí. Ó ní, "Bọ̀dá Mọ̀núrù, mi ò ní purọ́ fún ẹni tó ń kú lọ. Mi ò tíì dárí jì yín. Bóyá màá dárí jì yín, bóyá mi ò ní lè ṣe é. Ṣùgbọ́n gbangba lẹ ti pa irọ́ yẹn, ẹ lọ sọ ọ́ ní gbangba. Kí àwọn ọmọ Màmá Àdìjátù gbọ́ pé orí ìyá wọn pé títí ó fi kú." Ó lọ. Kò mu omi tí Àlímọ̀t gbé fún un.

Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé mi lọ sí kóòtù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo búra tuntun, mo fọwọ́ sí ìwé. Lọ́yà ní bóyá ni ilé náà lè padà, ọdún ti gorí ọdún. Mo ti lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ Màmá Àdìjátù. Àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin ti ilẹ̀kùn mọ́ mi síta, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ìwé yìí ni ó kù, mo sì fẹ́ kí ẹ kà á sókè ní ìpàdé ẹgbẹ́, dípò àmì ẹ̀yẹ yẹn.

Ẹ̀yin ọmọ tí mo kọ́, ẹ gbọ́ mi. Ẹni tó jókòó níwájú kámẹ́rà yín fi ojú rẹ̀ lé yín lọ́wọ́ ni, kò ta á fún yín. Ẹ ó pàdé ẹni tó máa ní kí ẹ yọ ẹnìkan, kí ẹ fi ẹnìkan kún un, kí ẹ mú kí aláìsàn rí bí alára líle tàbí kí olóòótọ́ rí bí olè. Kò ní wá pẹ̀lú ojú burúkú. Á kọ́kọ́ yin iṣẹ́ yín. Bí ẹ bá gbọ́ ìyìn yẹn, ẹ dìde kúrò níbẹ̀. Bí ó bá sì ti bọ́, tí ẹ ti ṣe é, ẹ má dúró de àìsàn. Ẹ sáré lọ sọ ọ́ nígbà tí ẹni tí ẹ ṣẹ̀ ṣì lè rí nǹkan gbà padà.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo fẹ́ bẹ gbogbo ẹni tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀gá Yẹ̀kínì fọ ẹ̀dà fọ́tò náà púpọ̀ ní Iléyá ọdún 1958. Bàbá Ìyanrìn fi ránṣẹ́ sí àwọn ará àti àna rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, ní Ìjẹ̀bú, ní ilẹ̀ Gáná. Gbogbo wọn kò lè ti jẹrà tán. Ẹ bá mi wo ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ àwọn màmá yín, ẹ wo ẹ̀yìn dígí, ẹ wo inú Alùkùránì àtijọ́ tí wọ́n máa ń fi fọ́tò há. Bàbá arúgbó kan nínú agbádá funfun ni, àwọn ọmọ mọ́kànlá yí i ká. Ẹ kà wọ́n dáadáa. Bí ẹ bá rí i, ẹ má gbé e wá fún mi, kódà bí mo bá ṣì wà láyé. Ẹ gbé e lọ sí Obalende, ẹ béèrè Alhaja Àsíátù oníbọ́tìnnì, ẹ fi lé e lọ́wọ́.